Olùwà àti Àbọ̀ nínú Gírámà Klingon: Ìdánwò fún Èdè-Ìperí Wa

Ìfáàrà

Èdè Klingon kò ní ìlú, kò sì ní ìran kan tó jogún rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá wọn. Èdè àtọwọ́dá ni. Marc Okrand, onímọ̀ ẹ̀dá-èdè ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ fún fíìmù Star Trek III: The Search for Spock, tí ó jáde ní 1984. Jagunjagun láti ayé mìíràn ni àwọn Klingon inú fíìmù náà. Okrand mú ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ tí a ti gbọ́ lẹ́nu wọn nínú fíìmù 1979, ó sì kọ́ odindi gírámà lé e lórí. Kì í ṣe òǹgbufọ̀ lásán ni ó ṣe iṣẹ́ yìí: ní 1977 ni Okrand gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì California ní Berkeley pẹ̀lú iṣẹ́ lórí gírámà Mutsun, ọ̀kan nínú àwọn èdè ọmọ onílẹ̀ California. Ní 1985 ó gbé The Klingon Dictionary jáde, ìwé tí apá kan rẹ̀ jẹ́ gírámà, tí apá kejì sì jẹ́ atúmọ̀-èdè. Ó fi àfikún sí i ní 1992, ọdún kan náà tí a dá Klingon Language Institute sílẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ti túmọ̀ Hamlet sí èdè náà, Duolingo sì ti ń fi kọ́ni láti 2018.

Ohun kan ṣoṣo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nípa gírámà yìí: pé àbọ̀ ni ó máa ń ṣáájú, ọ̀rọ̀-ìṣe a tẹ̀lé e, olùwà a sì wá kẹ́yìn. Wọn a ní èyí ni ó sọ ọ́ di èdè àjèjì tòótọ́. Èrò tèmi yàtọ̀. Bí a bá yẹ gírámà náà wò dáadáa, a ó rí i pé ipò ọ̀rọ̀ kì í ṣe ọ̀nà àkọ́kọ́ tí Klingon ń gbà dá olùwà mọ̀ yàtọ̀ sí àbọ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ara ọ̀rọ̀-ìṣe ni ó ń ṣe iṣẹ́ náà, ipò ọ̀rọ̀ sì ń gba iṣẹ́ níbi tí àfòmọ́ bá ti dákẹ́. Ó tún ku ibìkan tí méjèèjì ti ń ta ko ara wọn. Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀kọ́ wà fún àwa tí a ń kọ́ gírámà Yorùbá, nítorí pé ó ń dán ìtumọ̀ tí a máa ń fún «olùwà» àti «àbọ̀» wò.

Ètò ọ̀rọ̀: ohun tí gbogbo ènìyàn rí

Kí a kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí àkọtọ́. Lẹ́tà ńlá inú Klingon kò ní í ṣe pẹ̀lú orúkọ ènìyàn tàbí ìbẹ̀rẹ̀ gbólóhùn. Ìró ni ó ń tọ́ka sí: q àti Q jẹ́ kọ́ńsónáǹtì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí a wo gbólóhùn méjì. HoD ni ọ̀gá ọkọ̀, puq ni ọmọ, qIp sì ni lù.

(1) HoD qIp puq. — Ọmọ lu ọ̀gá.
(2) puq qIp HoD. — Ọ̀gá lu ọmọ.

Kò sí àmì kankan lára ọ̀rọ̀-orúkọ méjèèjì tí ó sọ èyí tó jẹ́ olùwà. Ipò nìkan ló yí padà. Bí a bá sì gbọ́ puq legh nìkan, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé «ó rí ọmọ», ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ legh puq, ọmọ ni ó ń rí nǹkan. Títí dé ibí, Klingon àti Yorùbá jọra ju bí a ti rò lọ: ipò ni àwọn méjèèjì gbára lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀kan kọjú sí ìlà oòrùn, èkejì sì kọjú sí ìwọ̀ rẹ̀.

Okrand mọ̀ọ́mọ̀ yan ètò yìí nítorí pé ó ṣọ̀wọ́n. Ní 1963 ni Joseph Greenberg ti sọ ọ́ pé, nínú gbólóhùn tí olùwà àti àbọ̀ rẹ̀ jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ, olùwà ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń ṣáájú àbọ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí èdè rẹ̀ má jọ ti ọmọ ènìyàn yóò yí ìlànà yìí dorí kodò. Ṣùgbọ́n ọmọ ènìyàn ti ṣe é ṣáájú rẹ̀. Ní 1977, Desmond Derbyshire fi hàn nínú àròkọ kan pé ètò àbọ̀, ọ̀rọ̀-ìṣe, olùwà ni Hixkaryana ń lò. Èdè àwọn ènìyàn kan ní àríwá Brazil, tí ó jẹ́ ti ẹbí Carib, ni Hixkaryana. Nítorí náà, ètò ọ̀rọ̀ Klingon ṣọ̀wọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe àjèjì sí ayé wa.

Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀: ibi tí iṣẹ́ náà wà

Àwọn gbólóhùn tí a ti wò kò ní «mo» tàbí «o» nínú. Ní kété tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ tàbí ẹni tí a ń bá sọ̀rọ̀ bá ti wọ inú gbólóhùn, ọ̀rọ̀-ìṣe kò lè dá dúró mọ́. Ó gbọ́dọ̀ gba àfòmọ́ tí ó sọ olùwà àti àbọ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

(3) qalegh — mo rí ọ
    cholegh — o rí mi
    vIlegh — mo rí i, mo rí wọn
    Dalegh — o rí i, o rí wọn
    mulegh — ó rí mi, wọ́n rí mi
    Dulegh — ó rí ọ

Ẹ ṣàkíyèsí pé a kò lè gé qa- sí méjì, kí a ní apá kan ni «mo», apá kejì ni «ọ». Mọ́fíìmù kan ṣoṣo ni, ènìyàn méjì ni ó sì gbé dání. Àfòmọ́ tí ó ní ìró báyìí jẹ́ 23 nínú gbólóhùn lásán, 5 mìíràn sì wà fún àṣẹ pípa. Arọ́pò-orúkọ tó dá dúró wà nínú èdè náà, bíi jIH fún ẹni kìíní àti SoH fún ẹni kejì, ṣùgbọ́n bí arọ́pò-afarajorúkọ wa, èmi àti ìwọ, ni ó rí: ẹni tí ó bá lò ó ń tẹnu mọ́ nǹkan ni. Láìsí i, gbólóhùn pé.

Ohun mìíràn tí àfòmọ́ yìí ń sọ ni bóyá àbọ̀ tilẹ̀ wà. Sop ni jíjẹ:

(4) vISop — mo jẹ ẹ́
    jISop — mo jẹun

Àfòmọ́ jI- ń sọ pé èmi ni olùwà, kò sì sí àbọ̀. Yorùbá kò ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe bíi jẹ àti rí kì í fẹ́ dá dúró, nítorí náà a máa ń wá ọ̀rọ̀-orúkọ tì í lẹ́yìn: jẹ àti ohun di jẹun, rí àti ìran di ríran. Níbi tí Klingon ti ń kéde pé àyè àbọ̀ ṣófo, àbọ̀ tí kò tọ́ka sí ohun kan pàtó ni àwa fi ń dí àyè náà.

Wàyí o, kí ló dé tí àfòmọ́ kò hàn nínú (1) àti (2)? Ìdí ni pé nígbà tí olùwà àti àbọ̀ bá jẹ́ ẹni kẹta, àfòmọ́ kò ní ìró. Ọ̀rọ̀-ìṣe legh láìsí àfòmọ́ lè túmọ̀ sí «ó rí i», «ó rí wọn», «wọ́n rí wọn», «ó ríran» tàbí «wọ́n ríran». Ìyàtọ̀ kan péré ni ó wà: bí olùwà bá jẹ́ ọ̀pọ̀ tí àbọ̀ sì jẹ́ ẹyọ, lu- a yọjú.

(5) HoD legh puq. — Ọmọ rí ọ̀gá.
    HoD lulegh puq. — Àwọn ọmọ rí ọ̀gá.

Nínú gbólóhùn kejì, puq kò gba àmì ọ̀pọ̀, síbẹ̀ àfòmọ́ ti jẹ́ kí a mọ̀ pé ọmọ tó rí ọ̀gá ju ẹyọ kan lọ.

Báyìí ni pínpín iṣẹ́ ṣe hàn kedere. Níbi tí «èmi» tàbí «ìwọ» bá wà, àfòmọ́ ti sọ gbogbo rẹ̀ tán. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣèèṣì sọ HoD mulegh dípò mulegh HoD, ó ti ṣi ètò ọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí yóò rò pé ọ̀gá ni a rí, nítorí pé mu- ti sọ pé èmi ni àbọ̀. Ìgbà tí àwọn ẹni kẹta bá ku àwọn nìkan, tí àfòmọ́ sì dákẹ́, ni ipò ọ̀rọ̀ di dandan gbọ̀n. Èyí pàápàá kì í ṣe àrà tí ayé kò rí rí. Hixkaryana tí a mẹ́nu bà lókè náà ń fi àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sọ ẹni tí olùwà àti àbọ̀ jẹ́ lára ọ̀rọ̀-ìṣe. Ètò ọ̀rọ̀ tí a ní ó jẹ́ àjèjì àti àfòmọ́ tí a fi gbè é lẹ́sẹ̀ ti jọ ń gbé inú èdè kan náà ní Brazil tẹ́lẹ̀.

Níbi tí ipò àti àfòmọ́ ti ta ko ara wọn

Bí ọ̀rọ̀ bá parí síbẹ̀, a ó ní Klingon jẹ́ èdè tó wà létòlétò, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n àfòmọ́ ìparí kan wà, -lu', tí a ń lò nígbà tí a kò bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe nǹkan.

(6) vIlegh — mo rí i
    vIleghlu' — wọ́n rí mi
    Daleghlu' — wọ́n rí ọ

Okrand ṣàlàyé pé ìhun yìí ń sọ pé olùwà kò ní ìtọ́ka, ó sì fi kún un pé èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń túmọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú ìhun tó ń sọ àbọ̀ di olùwà. Òǹkàwé Yorùbá kò nílò ọ̀nà ẹ̀bùrú yẹn. Bí a bá sọ pé «Wọ́n ti jí ọkọ̀ rẹ̀», kò sí ẹni tí yóò bi wá pé olè mélòó ni. «Wọ́n» yẹn jẹ́ ọ̀pọ̀ ní ìrísí, ṣùgbọ́n kò tọ́ka sí ẹnikẹ́ni. Olè kan ṣoṣo lè jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ìtumọ̀ -lu' gan-an nìyẹn. Lórí èyí, Yorùbá sún mọ́ Klingon ju èdè tí a fi kọ ìwé gírámà rẹ̀ lọ.

Síbẹ̀, ìtumọ̀ kì í ṣe ìṣòro ibẹ̀. Àfòmọ́ ni ìṣòro. Bí ẹnì kan tí a kò mọ̀ bá rí mi, a ó retí mu-, èyí tí ó máa ń sọ pé ẹni kẹta ni olùwà, èmi sì ni àbọ̀. Ṣùgbọ́n vI- ni gírámà béèrè, àfòmọ́ tí «mo» ti jẹ́ olùwà nínú gbogbo gbólóhùn yòókù. Àlàyé inú ìwé Okrand ni pé iṣẹ́ àfòmọ́ yí padà nígbà tí -lu' bá wà. Àlàyé náà bá òtítọ́ mu, ṣùgbọ́n kò tíì dé ìdí ọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá wọlé:

(7) puq leghlu'. — Wọ́n rí ọmọ.
    puqpu' luleghlu'. — Wọ́n rí àwọn ọmọ.

Ọ̀rọ̀-orúkọ puqpu' dúró ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, níbi tí àbọ̀ ń dúró sí. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, lu- ni àfòmọ́ tí a ń lò nígbà tí olùwà bá jẹ́ ọ̀pọ̀. Ipò ní àbọ̀ ni àwọn ọmọ yìí, àfòmọ́ sì kà wọ́n mọ́ ìlà olùwà. Ta ni a ó gbà gbọ́ nínú àwọn méjèèjì? Èrò tèmi ni pé kò yẹ kí a yan ọ̀kan. Ohun tí -lu' fi hàn ni pé «olùwà» kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ìdì ni, a di àmì mélòó kan pọ̀ sínú rẹ̀: ipò nínú gbólóhùn, àfòmọ́ tí ó bá a mu, àti ipa tí ó kó nínú ìṣẹ̀lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn àwọn àmì yìí máa ń rìn pọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń rò pé ọ̀kan ni wọ́n. Nínú (7) ìdì náà tú.

Ẹ̀rí kejì wà níbi fífún ènìyàn ní nǹkan. Nob ni fífúnni, paq ni ìwé. Bí ẹni tí a fún bá jẹ́ ẹni kẹta, a ó fi àfòmọ́ ìparí -vaD kọ́ ọ lọ́rùn:

(8) puqvaD paq nob HoD. — Ọ̀gá fún ọmọ ní ìwé.

Ṣùgbọ́n Okrand tún ṣàlàyé lẹ́yìn tí ìwé rẹ̀ ti jáde pé bí ẹni tí a fún bá jẹ́ ẹni kìíní tàbí ẹni kejì, àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ lè gbé e:

(9) paq qanob. — Mo fún ọ ní ìwé.

Ìwé ni ó wà ní ipò àbọ̀. Àfòmọ́ qa- sì ní «ìwọ» ni àbọ̀. Lẹ́ẹ̀kan sí i, ipò wí tirẹ̀, àfòmọ́ wí tirẹ̀, gbólóhùn náà sì yé gbogbo ẹni tó ń sọ èdè náà. Kò yẹ kí èyí ya àwa lẹ́nu. Nínú «Mo fún ọ ní ìwé», ẹni tí a fún ni ó lẹ̀ mọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe tímọ́tímọ́, ìwé tí a fún un ni ó nílò «ní» kí ó tó ráyè wọlé. Èwo ni àbọ̀ gidi nínú méjèèjì? Ìbéèrè kan náà ni, èdè tó gbé e kalẹ̀ ló yàtọ̀.

Ohun tí èyí béèrè lọ́wọ́ wa

Ìtumọ̀ méjì ni a sábà máa ń fún olùwà nínú kíláàsì. Èkíní ni pé olùwà ni olùṣe, ẹni tó ṣe ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe sọ. Èkejì ni pé olùwà ni ọ̀rọ̀-orúkọ tó ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, àbọ̀ sì ni èyí tó tẹ̀lé e. Ọmọ tí kò dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò ní kò sí oko tó tó ti baba òun. Bí a bá mú ìtumọ̀ kejì lọ sínú gbólóhùn (1), ọ̀gá tí a lù ni yóò di olùwà, ọmọ tó lù ú yóò sì di àbọ̀. Ìtumọ̀ tó fọ́ ní kété tí a gbé e kúrò nílé kì í ṣe ìtumọ̀ olùwà. Àpèjúwe ibi tí olùwà Yorùbá sábà ń jókòó sí lásán ni.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni pé a kò nílò láti jìnnà tó bẹ́ẹ̀ kí ó tó fọ́. Nínú «Ìwé ni mo rà», ìwé ṣáájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó tilẹ̀ ṣáájú «mo», síbẹ̀ àbọ̀ ni. Báwo ni a ṣe mọ̀? Kì í ṣe ipò ló sọ fún wa. Lákọ̀ọ́kọ́, ìrísí «mo» kò jẹ́ kí ó jẹ́ àbọ̀, nítorí pé «mi» ni ìbá jẹ́. Lẹ́yìn náà, ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe ń jẹ́rìí: a ní «mo ra ìwé» pẹ̀lú ohùn àárín nígbà tí àbọ̀ tó jẹ́ ọ̀rọ̀-orúkọ bá wà lẹ́yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n «rà» padà sí ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ nígbà tí àbọ̀ ti kúrò níbẹ̀. Ní ti olùwà, ohùn òkè tí ó máa ń jáde láàárín òun àti ọ̀rọ̀-ìṣe nínú ọ̀pọ̀ gbólóhùn, tí àwọn onímọ̀ wa ti ṣe awuyewuye lé lórí fún ìgbà pípẹ́, jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ìyẹn ni pé Yorùbá náà ní àwọn àmì tirẹ̀ yàtọ̀ sí ipò. A kò kà wọ́n kún nínú ìtumọ̀ ni.

Awẹ́-gbólóhùn asàpèjúwe tún jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ṣe kedere. Àfòmọ́ ìparí -bogh ni Klingon ń lò fún un:

(10) HoD qIpbogh puq

Ìhun yìí jẹ́ pọ́n-na. Ó lè jẹ́ «ọmọ tí ó lu ọ̀gá», ó sì lè jẹ́ «ọ̀gá tí ọmọ lù». Ẹni tí ó bá fẹ́ yanjú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi àfòmọ́ ìparí -'e' sára ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀-orúkọ méjèèjì láti fi hàn pé òun ni à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Yorùbá kò ní ìṣòro yìí rárá. «Ó» tí olùwà fi sílẹ̀ dúró nínú gbólóhùn àkọ́kọ́, ohùn ìsàlẹ̀ orí «lù» sì ń sọ fún wa nínú èkejì pé àbọ̀ ti ṣí lọ. Àwọn àmì kékeré yìí, tí ìtumọ̀ inú kíláàsì kò kà sí, ni ó ń gba òǹgbọ́ lọ́wọ́ pọ́n-na.

A gbọ́dọ̀ ṣọ́ra, ṣá o. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó ṣẹ̀dá Klingon, àwọn tó ń sọ ọ́ sì gbà pé ohun tí Okrand bá fọwọ́ sí ni òfin. Bí awuyewuye bá ṣẹlẹ̀ lórí -lu', a lè bi ẹni tó dá a. Kò sí ẹni tí a lè bi bẹ́ẹ̀ nípa «ní» tàbí nípa ohùn òkè Yorùbá. Nítorí náà, a kò lè lo Klingon gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí nípa ohun tí ọpọlọ ọmọ ènìyàn lè ṣe. Hixkaryana ni ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí Klingon wúlò fún kéré sí ìyẹn, ṣùgbọ́n ó ṣe kókó: òṣùwọ̀n ni fún ìtumọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá sọ pé òun mọ ohun tí olùwà jẹ́ gbọ́dọ̀ lè tọ́ka sí i nínú puqpu' luleghlu', tàbí kí ó lè ṣàlàyé ìdí tí kò fi ṣeé tọ́ka sí.

Àgbálọgbábọ̀

Klingon kò fi ipò ọ̀rọ̀ nìkan sọ olùwà àti àbọ̀. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà, ipò sì ń tẹ̀lé e níbi tí àwọn ẹni kẹta bá pàdé. Níbi -lu' àti níbi fífúnni ní nǹkan, àwọn àmì méjèèjì pínyà, ó sì hàn gbangba pé ìdì àmì ni olùwà, kì í ṣe àga kan tí a tò sí ojú kan náà nígbà gbogbo. Àbá mi fún àwa olùkọ́ ni pé kí a dẹ́kun fífi ipò nìkan túmọ̀ olùwà àti àbọ̀. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́ láti wá ẹ̀rí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan: ipò, ìrísí arọ́pò-orúkọ, ohùn ọ̀rọ̀-ìṣe, ohùn òkè lẹ́yìn olùwà, àti ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí a bá gbé ọ̀rọ̀-orúkọ kúrò ní àyè rẹ̀. Kí wọ́n sì sọ ọ́ síta nígbà tí àwọn ẹ̀rí náà kò bá fohùn ṣọ̀kan. Àìfohùnṣọ̀kan bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àbùkù gírámà, òun gan-an ni ó yẹ kí gírámà ṣàlàyé.